Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ojú ọ̀run àti òkè Ẹ̀fọ̀n

Bàbá kan tó ní oko kòkó lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n Aláayè bi mí níjọ́ kan pé, "Ẹnjiníà, wọ́n ní fóònù ti ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì látojú ọ̀run. Kí lẹ tún ń fi òpó ṣe?"

Iṣẹ́ òpó ni mo ń ṣe o, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́.

Òkè ló ń dènà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bàbá. Sátẹ́láìtì ń wo àfonífojì látòkè, òkè kò lè dí i lójú. Àmọ́ agbára fóònù kéré, ọ̀run sì jìn. Etí sátẹ́láìtì, ìyẹn áńtẹ́nà rẹ̀, tó máa gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ fẹ̀. Etí BlueWalker 3, sátẹ́láìtì àdánwò kan tí wọ́n gbé lọ sójú ọ̀run ní oṣù kẹsàn-án 2022, fẹ̀ tó sukuéà mítà 64, ó ju yàrá mẹ́rin wa níbí lọ. Nígbà tó tẹ́ ẹ, tí oòrùn sì kàn án, ó mọ́lẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ lọ, èyí sì ń dí àwọn tó ń wo ìràwọ̀ lọ́wọ́. Starlink ní tirẹ̀ gbé àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀ tó wà fún fóònù sún mọ́ ilẹ̀, bíi kìlómítà 360 dípò 550. Ohun tó sún mọ́ni a sì máa tàn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òru tètè ń gbé e mì.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Awò tó ń fetí sí ìgbì rédíò látọ̀dọ̀ ìràwọ̀, bíi MeerKAT ní Karoo ní South Africa, àárín òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, kí òkè lè dí ariwo fóònù. Òkè tó ń ni bàbá lára ni ààbò tiwọn! Kò sì sí òkè tó lè dí ohun tó ń sọ̀rọ̀ látorí ẹni. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti dán an wò kí sátẹ́láìtì máa yí ẹnu kúrò bó bá ń kọjá lórí awò. Ó yẹ kó di dandan fún gbogbo ilé-iṣẹ́.

Ní tèmi, ti pàjáwìrì ni mo fẹ́ ẹ fún: ejò bu èèyàn jẹ lóko, kó lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Kó sì jáde síta gbangba o, torí abẹ́ igi kòkó àti abẹ́ páànù kì í jẹ́ kó gbà dáadáa. Fún ìpè ojoojúmọ́, òpó kan lórí òkè tó ń lo sólà ló máa ṣe Èkìtì láǹfààní jù.

A jọ dúró di alẹ́. Ìmọ́lẹ̀ kan ń rìn lọ lójú ọ̀run, kò ṣẹ́jú. Bàbá gbé fóònù rẹ̀ sókè. "Èyí tó ń lọ yẹn, ṣé o ní nọ́ńbà ẹ̀?"