Níbo ni ipò Adájọ́ Ilé-ẹ̀kọ́ ti ṣẹ̀ wá?

Bí ẹ bá bi òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ìgbà wo ni ipò Olórí Adájọ́ Ilé-ẹ̀kọ́ (Chief Schools Adjudicator) bẹ̀rẹ̀, 1998 ni yóò sọ, kò sì ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lóòótọ́, òfin School Standards and Framework tí wọ́n ṣe lọ́dún náà ló dá ọ́fíìsì náà sílẹ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nìyẹn. Ẹni tó lóyún ọmọ náà ni mo fẹ́ kí á jọ wá lọ, nítorí ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá ń sọ ìtàn rẹ̀ bíi pé àwọn aṣòfin kàn jí lọ́jọ́ kan ni, tí wọ́n sì rò ó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya nǹkan méjì tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ sọ́tọ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní àwọn ò gba ọmọ yín, ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn lẹ máa gbà lọ. Ẹjọ́ ọmọ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n máa gbọ́. Ìlànà gan-an ni Adájọ́ Ilé-ẹ̀kọ́ ń gbé yẹ̀ wò ní tirẹ̀. Bí àwọn tó fẹ́ wọlé bá ju àyè lọ, ta ni ká kọ́kọ́ mú? Ṣé ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà níbẹ̀ ni, àbí èyí tí ilé rẹ̀ sún mọ́ jù, àbí ọmọ ìjọ? Olórí wọn ló ń pín ẹjọ́ fún àwọn adájọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, òun náà ló sì ń kọ ìròyìn ọdọọdún sí mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Mínísítà ló yàn án, ṣùgbọ́n mínísítà ò gbọ́dọ̀ sọ fún un pé báyìí ni kó dá a. Bó bá ti dájọ́, abẹ gé e. Ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tẹ̀ lé òfin.

Adájọ́ ni mo pè é, mi ò pè é ní onílàjà, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Onílàjà a máa bẹ tọ̀tún bẹ tòsì títí wọn yóò fi gbà. Adájọ́ kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ Látìn tí Gẹ̀ẹ́sì fi sọ orúkọ rẹ̀, ẹni tó ń wí òfin ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa ní ẹni tó ń dá ẹjọ́. Ti Látìn ń fi ẹnu wí, tiwa ń fi ọwọ́ dá a. Tiwa ló bá iṣẹ́ ọ́fíìsì yìí mu jù lójú tèmi.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á padà sẹ́yìn. Ní 1382, William of Wykeham, Bíṣọ́ọ̀bù Winchester, fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú náà fún 70 akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti dá New College sílẹ̀ ní Oxford ní 1379, kí àwọn ọmọ Winchester lè máa gba ibẹ̀ lọ. Ohun tó yẹ kí á fẹjú wò ni bó ṣe ṣètò gbígba ọmọ wọlé. Kò fi í sọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Lọ́dọọdún, ọ̀gá New College àti méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á gbéra láti Oxford, wọ́n á wá sí Winchester, wọ́n á sì bá àwọn ti Winchester jókòó láti yan ọmọ. Àjèjì ojú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìwé òfin ilé-ẹ̀kọ́ náà ní kí ọmọ mọ ìwé kà, kó mọ gírámà Látìn díẹ̀, kó sì mọ orin ìsìn kọ. Nígbà tó yá, ti orin yẹn di ààtò lásán: wọ́n á bi ọmọ bóyá ó mọ orin kọ, á ní bẹ́ẹ̀ ni, á wá ka ìlà kan láti inú orin ìsìn pẹ̀lú ohùn gbẹ, ó parí. Ẹ fi ti orin yìí sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Wykeham tún sọ pé kí àwọn ìbátan òun máa ṣíwájú. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Ọ̀rúndún ń gorí ọ̀rúndún, àwọn tó ń pe ara wọn ní ẹbí olùdásílẹ̀ ń pọ̀ sí i, nígbà tó sì jẹ́ pé bíṣọ́ọ̀bù ni, tí kò bímọ, inú ìran arábìnrin rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa okùn ẹbí náà jáde. Mo máa ń fojú inú wo bàbá kan tó ká ìwé ìran rẹ̀ sábẹ́ abíyá, tó ń là á kalẹ̀ níwájú àwọn tó wá láti Oxford, bí òbí òde òní ṣe ń gbé ìwé iná mànàmáná jáde láti fi hàn pé àdúgbò yìí lòun ń gbé. Ẹ̀rù kan náà ló wà láyà àwọn méjèèjì.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá di èyí tí apá wọn ò ká ńkọ́? Visitor ni. Bíṣọ́ọ̀bù Winchester ni Visitor fún New College. Gẹ̀ẹ́sì ìsinsìnyí ti sọ ọ̀rọ̀ náà di àlejò, ẹni tó kàn yà wá kí wa. Nínú òfin, olùbẹ̀wò ni: ẹni tí kò gbé inú ọgbà, àmọ́ tí ẹnu rẹ̀ ń ká ohun tó ń lọ nínú ọgbà. Bí wòléwòlé ayé àtijọ́ ṣe ń wọ ilé onílé láìjẹ́ ẹbí, bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Ẹjọ́ tó fi agbára Visitor múlẹ̀ ni ti Exeter College, ní Oxford. Arthur Bury, olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, lé ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ẹni náà gba ọ̀dọ̀ Visitor lọ, ìyẹn Jonathan Trelawny, Bíṣọ́ọ̀bù Exeter, Visitor sì ní kí wọ́n gbà á padà. Bury kọ̀. Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù wá bẹ̀ wọ́n wò ní 1690, ṣe ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Trelawny rọ Bury lóyè, ẹjọ́ sì lọ títí dé Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Lọ́ọ̀dù, kóòtù tó ga jù nígbà náà, tó sọ ní 1694 pé ọ̀rọ̀ tí Visitor bá sọ lágbára ẹ̀ ni abẹ gé, kóòtù ò ní tún un sọ. Èwo ni kò sí níbẹ̀ nínú ohun tí òfin 1998 wá gbé kalẹ̀? Ìjà lórí ta ló lẹ́tọ̀ọ́ sí àyè. Ẹni àárín tí kì í ṣe ara wọn. Ìdájọ́ tó dè wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé àwọn aṣòfin 1998 kàn tún ilé àtijọ́ rọ òrùlé tuntun ni.

Àwọn kan ní 1869 ni ká máa kà, nígbà tí òfin Endowed Schools gbé àwọn kọmíṣọ́nnà dìde láti tún ìwé ìdásílẹ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ kọ. Àtúnkọ ìwé ni wọ́n ṣe, wọn ò gbọ́ ẹjọ́ bí adájọ́. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Àwọn mìíràn máa ń tọ́ka sí òfin 1944 àti ẹjọ́ Tameside. Òfin 1944 ní kí wọ́n máa kọ́ ọmọ bí òbí rẹ̀ ṣe fẹ́, bí agbára bá ká a, ó sì fún mínísítà láṣẹ láti dá ìjọba ìbílẹ̀ tó bá hùwà tí kò bọ́gbọ́n mu lẹ́kun. Ní oṣù karùn-ún 1976, ẹgbẹ́ Conservative gba ìjọba ìbílẹ̀ Tameside, wọ́n ní àwọn ò ní pa àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, èyí tó ń ṣa àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù, rẹ́ mọ́, àwọn yóò yan ọmọ 240 sínú wọn kó tó di oṣù kẹsàn-án. Mínísítà Fred Mulley ní kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Lọ́ọ̀dù dá Tameside láre. Mínísítà tó ń ṣe olóṣèlú, tó tún fẹ́ ṣe adájọ́, ló fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀. Ẹjọ́ yìí fi hàn pé wọ́n nílò ẹni àárín. Àmọ́ ìdí tí a fi nílò nǹkan yàtọ̀ sí ibi tí nǹkan náà ti ṣẹ̀.

Ìyókù kò ṣòro láti sọ. Òfin 1980 fún òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tó wù ú, ó sì dá ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn sílẹ̀. Òfin 1988 jẹ́ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan kúrò lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n máa gba ọmọ fúnra wọn. Ní 1989, ẹjọ́ Greenwich ní wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ rọ́ ọmọ sẹ́yìn tìtorí pé ìjọba ìbílẹ̀ míì ló ń gbé. Ọwọ́ tó ń gba ọmọ wọlé wá pọ̀, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín wọn. Ni 1998 bá dé.

Sir Peter Newsam ló kọ́kọ́ jókòó sórí àga náà. Ẹni tó ti darí ètò ẹ̀kọ́ àárín London, tó sì ti ṣe alága Commission for Racial Equality, àjọ tó ń gbógun ti ẹ̀tanú ẹ̀yà, kì í ṣe ẹni tí ariwo òbí máa dẹ́rù bà. Philip Hunter, tó ti darí ètò ẹ̀kọ́ ní Staffordshire, tẹ̀ lé e. Ìgbà tirẹ̀, ní 2007, ni adájọ́ fọwọ́ sí ṣíṣẹ́ kèké tí ìjọba ìbílẹ̀ Brighton and Hove fẹ́ máa fi yan ọmọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ian Craig, Elizabeth Passmore àti Shan Scott. Òfin 2011 mú àwọn akádẹ́mì, ìyẹn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí kò sí lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, wá sábẹ́ wọn, ó sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé ẹ̀sùn, ì báà má bímọ.

Ilẹ̀kùn yẹn ni British Humanist Association, ẹgbẹ́ àwọn tí kò ṣe ẹ̀sìn, gbà wọlé nígbà tí wọ́n kọ̀wé tako London Oratory, ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ń fún ìdílé ní àmì bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ nínú ìjọ: títo òdòdó sí ṣọ́ọ̀ṣì, kíkọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ní 2014, adájọ́ ní ó lòdì sí ìlànà. Ní oṣù kẹrin 2015, ilé-ẹjọ́ gíga wọ́gi lé apá kan nínú ìdájọ́ náà, ó ní kí wọ́n lọ tún un gbọ́. Láti ọ̀dọ̀ Wykeham títí di òní, wọ́n ṣì ń jà lórí bóyá orin kíkọ lè gba àyè fún ọmọ. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún ọdọọdún ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn ẹ̀sùn, Darlington, ìlú tí ọ́fíìsì wọn wà, sì ni ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń gúnlẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá.