Bí Black Sabbath Ṣe Gba Àwo Orin Wọn Àkọ́kọ́ Sílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó mú kí heavy metal, orin rọ́ọ̀kì tó máa ń dún líle, wúwo létí, ìka Tony Iommi, onígìtá ẹgbẹ́ olórin Black Sabbath, ni kó kọ́kọ́ wò. Ọmọ ọdún 17 ni, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gé irin ní Birmingham, nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì lọ́jọ́ tó yẹ kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń tẹ okùn gìtá, ọwọ́ ọ̀tún náà ni ẹ̀rọ sì gé. Ó yọ́ ike, ó fi ṣe ìdérí fún ìka, ó lẹ awọ mọ́ ọn. Síbẹ̀, okùn tó nípọn ń dùn ún. Ló bá wá okùn tín-ín-rín, nígbà tó sì yá, ó ń dẹ̀ wọ́n. Okùn tó bá dẹ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, bí ohùn gángan ṣe ń wálẹ̀ tí onílù bá dẹ osán.

Oṣù Kẹwàá ọdún 1969 ni ẹgbẹ́ náà wọ sítúdíò Regent Sound ní Lọ́ńdọ̀nù láti gba àwo wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí 12 péré ni wọ́n ní. Ojú ọ̀nà mẹ́rin péré tí wọ́n lè gba ohùn sí ni téèpù tí wọ́n lò ní, kò sáyè pé kí olúkúlùkù wá gba tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Gìtá, báàsì Geezer Butler àti ìlù Bill Ward dún pọ̀ bí ìgbà tí wọ́n wà lórí ìtàgé. Ozzy Osbourne ń kọrin lọ́wọ́ kan náà nínú yàrá kékeré. Ibẹ̀ gan-an ni agbára àwo náà wà: báàsì ń tẹ̀ lé gìtá lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀, ohùn méjèèjì wá di ọ̀kan. Gìtá Fender tí Iommi mú wá bàjẹ́ lẹ́yìn orin kan, ó sì fi Gibson SG parí ìyókù.

Orin àkọ́kọ́ nínú àwo náà, ohùn mẹ́ta ló dúró lé. Èkejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ọ́kítéèfù kan, ìyẹn ni pé ohùn kan náà ni, òkè ló ti dún. Ẹ̀kẹta bọ́ sí agbedeméjì wọn gẹ́lẹ́, níbi tí etí kò ti rí ìsinmi. Òjò, àrá àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣíwájú wọn kò sí lára ohun tí ẹgbẹ́ náà lù lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti lù tán ni wọ́n fi wọ́n sí i, kí àwo náà tó jáde ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1970.