Apá kọ́ ló ń darí orí igi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá ọmọ kan tí mò ń kọ́ ní baseball níbí ní Houston dúró sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì, ó ń wo bí ọmọ ẹ̀ ṣe ń fi igi lu bọ́ọ̀lù tí bọ́ọ̀lù kàn ń yí gbirigbiri lórí ilẹ̀, ìgbà tó sú u ló ní, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un kó fagbára sí i, oúnjẹ tó ń jẹ nílé mi ò kéré o." Ẹ̀rín pa mí. Ọmọ ọdún 11 yẹn lágbára, ká má parọ́. Wàhálà ẹ̀ ni pé tó bá ti swing (ìyẹn kó fi igi sọ bọ́ọ̀lù) báyìí, kò mọ ibi tí orí igi wà mọ́.

Fún ẹni tí ò mọ̀, igi baseball tín-ín-rín lọ́wọ́, ó sanra lórí, ibi tó sanra yẹn ni wọ́n ń pè ní barrel, èmi ń pè é ní orí igi. Òfin MLB, ìdíje baseball tó ga jù l'Amẹ́ríkà, ni pé kò gbọ́dọ̀ nípọn ju ínṣì 2.61 lọ, bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ sì fẹ̀ tó bí ínṣì 2.9, ohun róbótó méjì ló fẹ́ pàdé ara wọn lójú eré. Ibi tó dáa jù láti fi gbá a wà ní bí ínṣì 5 sí 7 sí ṣóńṣó igi. Tó bá bà á níbẹ̀, ọwọ́ ẹ ò ní mọ nǹkan kan lára. Tó bá lọ bà á nísàlẹ̀ nítòsí ọwọ́, pàápàá nígbà òtútù, àfi bíi pé oyin ta ẹ́ lọ́wọ́ méjèèjì.

Àsìkò wá ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínṣì 6 ló wà láàárín ibi tí pitcher (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) ń dúró sí àti ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Bọ́ọ̀lù tó ń sá máìlì 95 ní wákàtí kan ò lò ju bí 0.4 sẹ́kọ́ńdì lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ, swing fúnra ẹ̀ sì máa ń jẹ bí 0.15 nínú ẹ̀. Tó o bá yá jù tàbí tó o pẹ́ jù ní bí 0.01 sẹ́kọ́ńdì péré, fáòlù nìyẹn, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kí ń sọ fún ọmọ pé kó fi apá wá bọ́ọ̀lù kiri. Apá ò ráyè.

Àṣìṣe ọmọ tí mò ń sọ yìí, bíi ti apẹja tó ń ju àwọ̀n ló rí. Kó tó yí ara, ó ti na apá méjèèjì jáde, orí igi wá lọ rìn yípo lóde kó tó padà wá bá bọ́ọ̀lù, bí ẹni tó fẹ́ ti Ìkòròdú lọ Ẹ̀pẹ́ tó lọ gba Ìbàdàn. Ẹ gbé garawa omi kẹ́ ẹ na apá yín jáde gbọọrọ, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú láti yí kíá. Ó wúwo àbí? Ẹ gbé e mọ́ra kẹ́ ẹ tún yí. Bó ṣe rí lára igi náà nìyẹn.

Bó ṣe yẹ kó lọ ni pé ẹsẹ̀ iwájú á kọ́kọ́ balẹ̀, ìbàdí á bẹ̀rẹ̀ sí í yí sọ́dọ̀ pitcher, ṣùgbọ́n èjìká àti ọwọ́ á ṣì dúró lẹ́yìn, ara á wá le bíi rọ́bà kànnàkànnà tí wọ́n fà tí wọn ò tíì jù sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìgúnpá ẹ̀yìn á sọ̀ kalẹ̀ wá lẹ̀ mọ́ ìhà, orí igi á ṣubú sẹ́yìn lápá ọ̀dọ̀ catcher (ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó ń gbá), ìdí igi ni á máa wo bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ló ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, torí ó dà bíi pé igi ń fi nǹkan falẹ̀. Kò falẹ̀ o. Ẹ rántí kòbókò, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ọwọ́ ẹ̀ kì í lọ jìnnà, ọwọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ṣóńṣó ẹ̀ ló máa fò jáde tó máa dún tàù. Tí bọ́ọ̀lù bá wá nísàlẹ̀, má ju ọwọ́ sílẹ̀ lọ bá a, àyà ni kó o tẹ̀ sí i, orí igi á tẹ̀ lé àyà lọ.

Èmi náà, nígbà tí mò ń gbá, kóòṣì tó kọ́kọ́ kọ́ mi máa ń ní kí n gbá a sísàlẹ̀ bí ẹni ń la igi ìdáná. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Orí òkìtì tó ga ní ínṣì 10 ni pitcher ti ń jù ú, bọ́ọ̀lù ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ni, torí náà orí igi gbọ́dọ̀ gòkè díẹ̀ lọ pàdé ẹ̀, bíi dígírì 5 sí 10, kó lè pẹ́ lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà. Ted Williams, ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tí batting average ẹ̀ (ìpín ìgbà tí gbígbá èèyàn yọrí sí rere) jẹ́ .406 lọ́dún 1941, bí ìgbà 4 nínú 10, ti ń sọ ọ́ tipẹ́, àwa la ò gbọ́.

Agbára tí mummy yẹn ń sọ? Láti 2024 ni MLB ti ń gbé e jáde bí igi oníkálukú ṣe ń yá tó. Nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù MLB, ti Giancarlo Stanton lé ní máìlì 80 ní wákàtí kan, ti Luis Arraez ò kọjá bíi 63, ìkan nínú àwọn tó falẹ̀ jù. Arraez yẹn náà ló gba ipò kìíní nínú batting average ní líìgì tó wà (líìgì méjì ló wà nínú MLB) ní 2022, 2023 àti 2024, ẹgbẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ti gbà á. Ó mọ ibi tí orí igi ẹ̀ wà, ó tán. (Ẹ má sì bi mí nípa igi torpedo tí ẹgbẹ́ Yankees lò ní 2025, tó sanra wá sí apá ọwọ́. Tọ́mọ ò bá mọ̀ ọ́n gbé débẹ̀, owó lẹ fi ṣòfò.)

Ohun tí mo ṣe fọ́mọ náà ni pé mo mú un lọ síwájú fẹ́ǹsì, mo ní kó fi ìdí igi ti ìdodo kí ṣóńṣó ẹ̀ kan fẹ́ǹsì, kó dúró síbẹ̀, kó wá swing láìkan fẹ́ǹsì. Gbàn! Ó tún un ṣe, gbàn! Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mo ní kó fi aṣọ ìnura kékeré kan há abẹ́ apá ẹ̀yìn, kó má jẹ́ kó tètè já bọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹfà, ṣóńṣó igi kàn ra fẹ́ǹsì lára, ṣùrù. Ẹ̀ẹ̀kẹjọ, afẹ́fẹ́ nìkan ló dún. Ojú ẹ̀ là.

Nílé, 40 swing lóòjọ́ ti tó, tí ìgúnpá bá ti ń kúrò lára ìhà, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn, ẹ ní kó dáwọ́ dúró. Mummy, ẹ bá mi mú igi àtijọ́ kan dání lọ́jọ́ Sátidé o, fẹ́ǹsì ti ba tèmi jẹ́.