Bí Ikú Gáà Ṣe Di Ewì

Ẹni tó bá gbé ọ̀dọ̀ àgbà dàgbà á ti gbọ́ ọ rí: “Bí o láyà, o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà, o sọ òtítọ́.” Wọ́n ń fi kìlọ̀ fún olóṣèlú, wọ́n ń fi kìlọ̀ fún baálé tó ń fojú ará ilé gbolẹ̀. Nígbà míì, wọn kì í sọ ọ́ tán. “Rántí ikú Gáà o” ti tó, ọ̀rọ̀ ti yéra.

Gáà di Baṣọ̀run ní Ọ̀yọ́-Ilé ní nǹkan bí ọdún 1754. Baṣọ̀run ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, ìjòyè méje tó ń yan ọba. Àwọn náà ló lè kọ ọba. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ojú ẹ̀, wọ́n á gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí Aláàfin, kábíyèsí á sì mọ̀ pé ilé ayé ti tán fún òun. Ohun tó yẹ kó ṣọ̀wọ́n ni, àmọ́ Gáà sọ ọ́ di oúnjẹ òòjọ́. Lábísí, Awọ́nbíojú, Agbólúajé, Májẹ̀ógbé: ọba mẹ́rin ló bá a lọ. Awọ́nbíojú kò lò ju 130 ọjọ́ lọ lórí oyè. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ ni pé kò dọ̀bálẹ̀ fún Baṣọ̀run. Ẹ sáà gbọ́ ná, ọba ni wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè!

Àwọn ọmọ Gáà fọ́n ká ìgbèríko, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kó wọ ààfin. Abíọ́dún tó jọba lẹ́yìn Májẹ̀ógbé rí gbogbo èyí, ó pa ẹnu mọ́, ó sì ń lọ kí Gáà nílé lárààárọ̀. Ó mú un mọ́ra títí di ọjọ́ tí Gáà ń wá àgbọ̀nrín tó fẹ́ fi ṣoògùn, tí kò rí i. Ọba ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Agbọ̀nyín, orúkọ ẹranko yẹn kan náà. Ọmọ náà ni wọ́n mú lọ. Nínú gbogbo ìtàn Gáà, ibẹ̀ ni ara mi máa ń bù máṣọ jù.

Abíọ́dún yọ́ jáde lóru, ó lọ bá Ọyábì, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ní Àjàṣẹ́. Wọ́n dá ọjọ́ kan, wọ́n sì ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú pé lọ́jọ́ náà, kí ìlú kọ̀ọ̀kan dìde sí ọmọ Gáà tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ọdún 1774 nìyẹn. Ẹsẹ̀ Gáà ti rọ nígbà náà. Ọkùnrin tí wọ́n ní ó lè di erin, tó lè di ẹkùn, kò lè dìde lórí ẹní. Wọ́n dáná sun ún.

Òyìnbó oníṣòwò kan, Robert Norris, tó ń ṣòwò ní Dàhọ̀mì, gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ náà lókèèrè. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1789, ó kọ ọ́ pé lọ́dún 1774 wọ́n gbé ẹyin odídẹrẹ́ wá fún ọba Ọ̀yọ́, ọba kò gbà á. Ọba ní oorun kò tíì kun òun, òun á ṣì máa ṣọ́ àwọn èèyàn òun.

Àwọn arọ́kin ló ń tọ́jú irú ọ̀rọ̀ báyìí láàfin, àwọn ìdílé tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa pìtàn, kí wọ́n máa kéwì, kí wọ́n máa lùlù fún ọba. Ohun tó wù mí nínú ewì “Bí o láyà” yẹn ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Ogún ọdún ni Gáà fi ṣe bó ti wù ú, ewì náà kò dárúkọ ọba kan, kò sọ ti ìṣákọ́lẹ̀, kò sọ ti oògùn. Ikú rẹ̀ nìkan ló mú. Kò tilẹ̀ sọ pé má ṣìkà. Ó ní bí o bá láyà, ó yá!

Abíọ́dún tó ṣẹ́gun náà bọ́ sẹ́nu akéwì. Ó kú ní 1789, Awólẹ̀ gorí oyè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé:

“Láyé Abíọ́dún la fi igbá wọn owó,
Láyé Awólẹ̀ la di àdìkálẹ̀.”

Ẹyọ ni owó ayé ìgbà náà, kíkà sì ni wọ́n ń kà á: ogójì, igba, ẹgbàá, títí dé ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ. Ẹni tó bá fi igbá wọn ọ́n, owó náà ti pọ̀ ju kíkà lọ. Àdìkálẹ̀ ní tiẹ̀ ni ẹrù tí èèyàn dì sílẹ̀ de sísá. Mo gbà pé akéwì pọ́n Abíọ́dún díẹ̀. Ìgbà tiẹ̀ ni Ìbàrìbá ṣẹ́gun Ọ̀yọ́, ní 1783, ìgbà tiẹ̀ náà ni Ẹ̀gbá já ara wọn gbà. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ nínú igbá owó yẹn.

Ẹrù tí wọ́n dì, wọ́n gbé e lóòótọ́. Láàárín 1830 sí 1840, Ọ̀yọ́-Ilé dahoro, Àtìbà sì sọ Àgọ́-Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun. Àwọn arọ́kin bá wọn lọ. Lẹ́nu wọn ni Samuel Johnson, pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, ti gbọ́ ewì méjèèjì tó fi kọ wọ́n sínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897. Ìwé náà sọnù ní ìlú Òyìnbó. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah tó jẹ́ dókítà, ṣa àkọsílẹ̀ tó kù jọ, ó tún un kọ, ó sì kú ní 1920. Ọdún kejì ni ìwé jáde.