Òsákà: oúnjẹ àti ibi ìgbafẹ́ nínú ìlú oníṣòwò Jápánì

Òsákà jẹ́ ìlú ńlá kan ní orílẹ̀-èdè Jápánì, ní etí òkun erékùṣù Honshu, níbi tí odò Yodo ti ń ya wọ inú òkun. Àwọn ènìyàn tí ń gbé inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2.7, Tokyo àti Yokohama nìkan ni èrò wọn sì pọ̀ ju tirẹ̀ lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Lójú àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, oúnjẹ ni orúkọ ìlú yìí dúró lé. Àwọn ará Jápánì a máa sọ ọ́ pé aṣọ ni ará Kyoto fi ń ná owó rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹnu ni ará Òsákà fi ń jẹ tirẹ̀ run. Kuidaore ni wọ́n ń pe irú jíjẹ bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí ènìyàn jẹun títí yóò fi ṣubú.

Ohun tí àlejò ń jẹ ní Òsákà àti ohun tí ó ń wò níbẹ̀ kò jìnnà síra wọn, nítorí òwò orí omi ni ó bí méjèèjì.

Ìlú omi àti ìrẹsì

Ní àsìkò ìjọba àwọn Tokugawa (1603–1868), Edo, èyí tí a mọ̀ sí Tokyo lónìí, ni ibùjókòó àwọn aláṣẹ ológun, Kyoto ni ọba ń gbé, Òsákà sì ni ọjà. Ìrẹsì ni àwọn olóyè agbègbè fi ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, Òsákà ni púpọ̀ nínú wọn sì ń fi í ránṣẹ́ sí kí wọ́n lè sọ ọ́ di owó. Ní ọdún 1730 ìjọba fọwọ́ sí ọjà ìrẹsì Dojima, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń ná ìrẹsì tí kò tíì dé ọjà, tí wọ́n sì ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ìtàn ọrọ̀ ajé gbà pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò sí níbòmíràn ṣáájú rẹ̀. Nítorí ìrẹsì yìí àti oríṣiríṣi ohun jíjẹ tí ọkọ̀ ojú omi ń já síbẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ìlú náà ní tenka no daidokoro, èyí tí ó túmọ̀ sí ilé ìdáná gbogbo ilẹ̀ náà.

Nínú ẹrù tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń kó, ọ̀kan wà tí ó yí adùn oúnjẹ Òsákà padà pátápátá: kombu, ewéko òkun fífẹ̀ tí a ń kó láti Hokkaido ní àríwá. Bí wọ́n bá rẹ kombu gbígbẹ sínú omi, tí wọ́n sì fi ẹja gbígbẹ tí a fá ní pẹlẹbẹ sí i, omi ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní dashi ni wọ́n ń rí, òun sì ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ oúnjẹ ìlú náà. Adùn kombu yìí kan náà ni onímọ̀ kẹ́míkà Kikunae Ikeda ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Tokyo ní ọdún 1908, tí ó fi rí èròjà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1909 lábẹ́ orúkọ Ajinomoto, èyí tí ìsọ̀ elérò-ọbẹ̀ ní Èkó tàbí Ìbàdàn kì í sábà ṣaláìní.

Àwọn odò àfọwọ́gbẹ́ pọ̀ nínú ìlú náà tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń kì í ní ìlú afárá 808. Oríkì ni iye yẹn, kì í ṣe pé ẹnì kan kà wọ́n. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n di púpọ̀ nínú àwọn odò náà pa, ọ̀nà mọ́tò sì gba ojú wọn.

Dotonbori

Èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn odò tí ó ṣẹ́kù ni Dotonbori, ní apá gúúsù ìlú, ní agbègbè Namba. Oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Yasui Doton ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ ní ọdún 1612. Ó kú nínú ogun ọdún 1615, àwọn ìbátan rẹ̀ sì parí iṣẹ́ náà ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe odò náà. Kò pẹ́ tí ìjọba fi kó àwọn ilé eré orí ìtàgé jọ sí etí rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo eré láti àárọ̀ di alẹ́ yóò jẹun, ilé oúnjẹ sì ń pọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé eré. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé eré náà ti lọ. Ilé oúnjẹ ló kù.

Ní alẹ́, iná àwọn pátákó ìpolówó a máa tàn lójú omi náà. Akàn ràgàjì kan wà tí ń mi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní iwájú ilé oúnjẹ kan, ṣùgbọ́n pátákó ilé iṣẹ́ Glico, tí ó ní àwòrán ọkùnrin tí ń sáré tí ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ni àwọn àlejò ń tò níwájú rẹ̀ láti ya fọ́tò. Ọdún 1935 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sókè. Èyí tí ó wà níbẹ̀ báyìí ni ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ọdún 2014 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí ibẹ̀ ni òpópó tóóró Hozenji wà, níbi tí ère Fudo, alágbára kan nínú ẹ̀sìn Búdà, wà, tí àwọn olùbẹ̀bẹ̀ ń bu omi dà sí lára dípò owó tàbí òdòdó nìkan. Nítorí omi yìí, ewédò ti bo ère náà láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì hàn mọ́. Ẹni tí ariwo Dotonbori bá sú lè sá wọ ibẹ̀.

Oúnjẹ ìyẹ̀fun

Oúnjẹ ojú pópó tí a mọ Òsákà mọ́ jù ni takoyaki. Tako ni ẹran omi tí ó ní apá mẹ́jọ. Yaki sì ni ohun tí a yan tàbí tí a dín. Ìyẹ̀fun àlìkámà tí a fi dashi pò ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni wọ́n ń dà sínú páànù onírin tí ó ní ihò róbótó-róbótó, irú èyí tí ó jọ páànù tí àwọn Haúsá fi ń dín máásà. Wọ́n á ju ègé tako kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àlùbọ́sà eléwé àti atalẹ̀ pupa, wọ́n á sì máa fi irin ṣóńṣó yí i títí tí yóò fi rí róbótó bí bọ́ọ̀lù ìṣeré. Ẹni tí ó bá rò pé inú rẹ̀ yóò le bí ti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù yóò jó ẹnu: inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu, ó sì ń gbóná gidigidi. Tomekichi Endo, tí ó ni ilé oúnjẹ Aizuya, ni a gbà pé ó kọ́kọ́ fi tako sínú rẹ̀ ní ọdún 1935. Ní àkọ́kọ́, ẹran màlúù ni ó ń lò, kò sì sí ọbẹ̀ dúdú tàbí máyònéèsì lórí rẹ̀; ọ̀nà àtijọ́ yẹn, tí a fi ń jẹ ẹ́ láìfi nǹkan kan kùn ún, ṣì wà, òun ni ó sì dára jù fún ẹni tí ó fẹ́ mọ adùn dashi.

Okonomiyaki tóbi jù ú lọ. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ohun tí ó bá wù ọ́, tí a dín. Ní Òsákà, wọ́n ń po kábéèjì gígé, ẹyin, ìyẹ̀fun, dashi àti iṣu kan tí wọ́n rin, tí ó máa ń fà bí ewédú, pọ̀ ní abọ́ kan, kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sórí irin gbígbóná pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ẹja. Ní Hiroshima, ńṣe ni wọ́n ń tò ó ní ìpele-ìpele láìpò ó. Àríyànjiyàn lórí èyí tí ó dùn jù láàárín ìlú méjèèjì kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti wa lórí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, kò sì jọ pé ẹnì kan ń wá òpin rẹ̀.

Udon, òwú ìyẹ̀fun àlìkámà tí ó nípọn, wà káàkiri Jápánì, ṣùgbọ́n omi ọbẹ̀ ti Òsákà máa ń mọ́ ju ti Tokyo lọ, nítorí kombu ni ó gbé e ró. Kitsune udon, èyí tí wọ́n ń fi wàrà ẹ̀wà sóyà díndín tí ó dùn díẹ̀ lé lórí, gba orúkọ rẹ̀ lára kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ẹranko tí àwọn ará Jápánì gbà pé ó fẹ́ràn wàrà náà. Súṣì ìlú náà láti ayébáyé kì í ṣe èyí tí a fi ọwọ́ mọ, inú àpótí igi ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Súṣì tí ń yí lórí ọ̀já rọ́bà kọjá níwájú àwọn oníbàárà náà ti agbègbè yìí jáde: Yoshiaki Shiraishi ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Higashi-Osaka ní ọdún 1958, lẹ́yìn tí ó ti rí bí ìgò ọtí ṣe ń rìn lórí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ ọtí.

Ó yẹ kí arìnrìn-àjò tí kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mọ̀ pé ó wà nínú ọ̀pọ̀ okonomiyaki, àti pé ẹja sábà máa ń wà nínú dashi kódà bí oúnjẹ náà bá dà bí ẹ̀fọ́ lásán.

Shinsekai

Orúkọ agbègbè yìí túmọ̀ sí Ayé Tuntun. Ọdún 1912 ni wọ́n dá a sílẹ̀, apá kan ní àwòkọ Paris, apá kejì ní àwòkọ Coney Island ti New York. Ilé ìṣọ́ Tsutenkaku àkọ́kọ́ tí ó wà láàárín rẹ̀ jóná ní ọdún 1943, wọ́n sì tú irin rẹ̀; èyí tí ó wà lónìí, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 108, jẹ́ iṣẹ́ Tachu Naito ní ọdún 1956, ẹni tí ó tún ya àwòrán ilé ìṣọ́ Tokyo. Ayé tuntun náà ti gbó báyìí, gbígbó rẹ̀ sì ni àwọn àlejò ń wá wò.

Kushikatsu ni oúnjẹ ibẹ̀: ẹran, ẹja tàbí ẹ̀fọ́ tí a fi igi gún bíi sùyà, tí a rọ́ mọ́ ìyẹ̀fun àti èérún búrẹ́dì, tí a sì dín nínú òróró. Òfin kan ṣoṣo tí a kọ sára ògiri ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti igi rẹ̀ bọ inú ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí agolo ọbẹ̀ kan náà ni gbogbo ènìyàn ń lò. Ẹni tí ọbẹ̀ kò bá tó yóò fi ewé kábéèjì bù ú. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ti fi ìgò rọ́pò agolo náà.

Odi Òsákà

Toyotomi Hideyoshi ni ó bẹ̀rẹ̀ odi yìí ní ọdún 1583. Àwọn Tokugawa ṣẹ́gun ìdílé rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1615, wọ́n sì tún odi náà kọ́; ààrá sán pa ilé gíga àárín rẹ̀ ní ọdún 1665. Kọnkéré ni èyí tí àlejò ń gùn lónìí, owó tí àwọn ará ìlú dá jọ ni wọ́n sì fi kọ́ ọ ní ọdún 1931. Inú rẹ̀ jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ̀rọ agbéniròkè sì wà nínú rẹ̀, èyí tí ó máa ń ya ẹni tí ó retí ilé onígi lẹ́nu.

Ohun àtijọ́ tòótọ́ níbẹ̀ ni yàrà omi àti ògiri òkúta. Òkúta tí ó tóbi jù, nítòsí ẹnu ọ̀nà Sakura, ni a fojú bù pé ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 108. Tako-ishi ni orúkọ rẹ̀, òkúta tako, nítorí àbàwọ́n ara rẹ̀ tí ó jọ ẹran omi yẹn. Omi ni wọ́n gbà gbé irú òkúta bẹ́ẹ̀ wá, ọ̀nà kan náà tí ìrẹsì àti kombu gbà.

Ọjà àti ojúbọ

Ọjà Kuromon, tí òrùlé bo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni àwọn alásè ti ń ra ẹja láti ìgbà pípẹ́. Àwọn àlejò ti pọ̀ níbẹ̀ jù báyìí, owó ọjà sì ti gbówó lórí. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí ará ìlú ṣe ń rajà yóò ṣe dáadáa bí ó bá gba Tenjinbashisuji lọ, òpópó ọjà olórùlé tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 2.6. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ojúbọ Tenmangu wà, tí ọdún Tenjin ti ń wáyé ní ọjọ́ 24 àti 25 oṣù Keje, tí àwọn ọkọ̀ ojú omi sì ń tò lọ lórí odò ní alẹ́ ọjọ́ kejì pẹ̀lú iná aláràbarà lójú ọ̀run.

Tẹ́ḿpìlì Shitennoji ti wà láti ọdún 593, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tún àwọn ilé rẹ̀ kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní gúúsù sí i, Sumiyoshi Taisha jẹ́ ojúbọ àwọn òrìṣà òkun, tí àwọn awakọ̀ ojú omi ń lọ bẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Afárá pupa rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí ẹ̀yìn ìlù.

Láàárín àwọn ibi tuntun, Kaiyukan, ilé ẹja tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990, ní àgbá omi kan tí ó gba tọ́ọ̀nù 5,400, tí ẹja ràbàtà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ilé alájà 60 tí ń jẹ́ Abeno Harukas ga ní mítà 300. Ilé ìṣọ́ Oòrùn, iṣẹ́ Taro Okamoto fún ìpàtẹ àgbáyé ọdún 1970, ṣì dúró ní ìlú Suita.

Ìrìn àti Ikeda

Pápákọ̀ òfuurufú Kansai, tí wọ́n kọ́ sórí erékùṣù àfọwọ́ṣe, ṣí ní ọdún 1994. Láti Tokyo, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá ń dé ibùdókọ̀ Shin-Osaka láàárín wákàtí méjì ààbọ̀. Nínú ìlú, ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Midosuji, tí ó ti wà láti ọdún 1933, so Umeda ní àríwá mọ́ Namba ní gúúsù. Lórí àtẹ̀gùn oníná, apá ọ̀tún ni ará Òsákà ń dúró sí, nígbà tí ará Tokyo ń dúró sí òsì.

Ìlú kékeré Ikeda, ní àríwá Òsákà, kò sí lára ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò ń wá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Momofuku Ando ti ṣe núdù àsèyá, ìyá Indomie, nínú ahéré kan ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní ọdún 1958. Ohun tí ó ṣe ni pé ó dín núdù sísè nínú òróró gbígbóná kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ, kí ó sì ku àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí omi gbígbóná yóò tún gbà wọlé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà níbẹ̀ tún ahéré náà kọ́ bí ó ti rí. Àlejò lè kun àwòrán sára ife tirẹ̀ níbẹ̀, kí ó yan ohun tí yóò wọ inú rẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa fún un, kí ó sì gbé e lọ sílé nínú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí.