Ẹ̀rí ni norm ń jẹ́, ẹ yé pè é ní ìlànà

Mo ka ìròyìn kan nípa ọ̀dọ́ kan tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní "ó ti gba ìlànà kan, ó ku méjì". Norm ni wọ́n fẹ́ pè bẹ́ẹ̀, ìyẹn èsì ìdíje tó ń fi hàn pé ẹni tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ti tó oyè. Mo tún un kà. Ta ló ń gba ìlànà? Títẹ̀lé là ń tẹ̀ lé ìlànà. Ẹni tí kò bá tẹ̀ lé e, ó rú u nìyẹn. Kò sí ìlànà tí wọ́n ń kó fún èèyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pé mẹ́ta. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹlòmíràn ti kọ "àṣà Gíráǹmásítà" (Gíráǹmásítà ni oyè tó ga jù lọ nínú ṣẹ́ẹ̀sì), bí ẹni pé bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀ ló fẹ́ ròyìn. Àwọn méjèèjì ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, wọ́n wo ohun tó wà níwájú norm, wọ́n he èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lójú, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Èdè wa kò tálákà, àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ ló ń kánjú.

Èmi, ẹ̀rí ni mò ń pè é. Ẹ̀rí Gíráǹmásítà. Ó ti gba ẹ̀rí kan, ó ku méjì. Ẹ gbọ́ bó ṣe dún?

Lórí Gíráǹmásítà fúnra rẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn kan ń pè é ní ọ̀gá àgbà, ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà ti pọ̀ jù nílẹ̀: ti iléèwé wà, ti ilé iṣẹ́ wà, ti ọlọ́pàá náà wà. Oyè tí FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, ń fúnni kì í ṣe ipò àṣẹ, Gíráǹmásítà kò sì ní ọmọọṣẹ́ tó ń rán níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí àyálò yẹn wà bó ṣe wà, òun àti Íńtánáṣọ́nà Másítà tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti mọ́ wa lẹ́nu.

Ẹ̀yin tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì mọ̀ pé ìwọ̀n 2500 nìkan (ìwọ̀n ni iye tí wọ́n fi ń mọ bí èèyàn ṣe mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta tó) kò sọ èèyàn di Gíráǹmásítà. FIDE tún fẹ́ kó fi hàn nínú ìdíje tó sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta, tí eré inú wọn kò dín ní 27 lápapọ̀, pé òun ta bí ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2600. Àwọn tó bá a ta ni wọ́n fi ń mọ̀. Ìpíndọ́gba ìwọ̀n wọn kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 2380 lọ, ìdá kan nínú mẹ́ta wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ Gíráǹmásítà, àwọn ará ilẹ̀ mìíràn sì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Bí ìpíndọ́gba náà bá jẹ́ 2380 géérégé, máàkì 7 nínú eré 9 ló ń mú ẹ̀rí jáde. Bí àwọn alátakò bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, 6 lè tó. Bí wọ́n bá rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó na gbogbo wọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yóò gba ife, yóò gba owó, kò ní gba ẹ̀rí. Ti Íńtánáṣọ́nà Másítà àti ti àwọn obìnrin ní iye tiwọn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni, ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn jẹ àkókò.

Ẹ wo ọdẹ tó wọ ìlú tó ní òun pa erin. Wọn kì í bá a jiyàn. Ìrù erin ni wọ́n máa ní kó gbé kalẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀. Àwọn àgbà ọdẹ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó dára, àmọ́ erin tó ti ń ṣàìsàn lè ṣubú síwájú ẹnikẹ́ni. Kó lọ mú ìrù kejì wá láti inú igbó mìíràn, kí àwọn ọdẹ tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀ sì wà níbẹ̀ nígbà tó pa á. Ó mú kejì dé, wọ́n tún rán an padà lọ mú ẹ̀kẹta. Ìrù yẹn ni norm. Kì í ṣe erin, kì í ṣe ìbọn, kì í sì í ṣe òfin ẹgbẹ́ ọdẹ. Ohun tí èèyàn gbé kalẹ̀ kí wọ́n lè gbà á gbọ́ ni, kí sì ni Yorùbá ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀rí?

Síbẹ̀, wọn kò jẹ́ kí n sinmi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ èdè Látìnì díẹ̀ (ó máa ń rán wa létí pé òun mọ̀ ọ́n) ní norma ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, igi onígun tí káfíńtà fi ń wo bóyá igun pákó gún. Nítorí náà, òṣùwọ̀n ló yẹ ká pè é. Mo gbà pé ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta ṣẹ́ẹ̀sì dáadáa kò gbé igi káfíńtà lọ sílé. Igi náà wà lọ́wọ́ FIDE. Ohun tó gbé lọ sílé ni ẹ̀rí pé wọ́n ti gbé igi náà lé òun, òun sì gún. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ló fi orúkọ ohun tí a fi ń wọn nǹkan pe èrè ẹni tí a wọ̀n. Ìrújú tiwọn nìyẹn, kí ló dé tí a ó fi jogún rẹ̀? Yàtọ̀ sí èyí, ìwọ̀n ni gbogbo wa ń pe 2500 àti 2600 wọ̀nyẹn. Ṣé a ó wá máa kọ pé "ìwọ̀n rẹ̀ pé ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n rẹ̀ kò pé"?

Àwọn mìíràn fẹ́ ìdánwò. Ìyẹn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ṣe ìdánwò mọ̀ pé ìdánwò lòun ń ṣe. Nínú ìdíje, ife àti owó ni gbogbo wọn wá gbà. Ó lè di ìpele keje kí ẹnì kan tó jókòó ṣírò pé bí òun bá ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì sí i, ẹ̀rí ti wà nílẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé adájọ́ ló sọ fún wọn. Ti nọ́ọ̀mù, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé "ọmọ yín ti ní nọ́ọ̀mù" yóò béèrè bóyá ẹ ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Àtakò kan ṣoṣo tó mú mi ronú ni ti ẹni tó ní ẹ̀rí yóò dàrú mọ́ ìwé-ẹ̀rí, pé àwọn èèyàn yóò rò pé wọ́n ń fún un ní ìwé kan. Ìwé ni wọ́n ń fún un, ẹ̀gbọ́n! Bí ìdíje bá parí, wọ́n máa kọ orúkọ àwọn alátakò, ìwọ̀n wọn, oyè wọn àti orílẹ̀-èdè wọn sínú fọ́ọ̀mù kan, olórí adájọ́ á sì bu ọwọ́ lù ú. Fọ́ọ̀mù mẹ́ta irú rẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ síwájú FIDE láti fi tọrọ oyè. Àtakò yẹn wá di ẹlẹ́rìí mi.

Ibi tí mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ìtàn ìdíje ẹnìkọ̀ọ̀kan ti ilẹ̀ Áfíríkà. Cairo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1998, Ibrahim Hasan Labib, ọmọ Íjíbítì, ló sì kọ́kọ́ gbà á. Láti ìgbà náà, àwọn ará Íjíbítì ló ń gbà á jù. Essam El Gindy gbà á ní Abuja ní 2003. Ahmed Adly gbà á ní Lusaka ní 2005, ọdún méjì lẹ́yìn náà ló sì gba ti àwọn ọ̀dọ́ lágbàáyé. Bassem Amin, tó jẹ́ dókítà oníṣègùn, gba tirẹ̀ ní 2009, ó sì tún ń padà wá gbà á títí ó fi sú àwọn yòókù. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kọjá 2700. Irú àwọn wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí kò dí wọn lọ́wọ́.

Àwọn tó wà níhà gúúsù Sàhárà ló dí lọ́wọ́. Ẹ rántí òfin ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn. Níbo ni ọmọ Nàìjíríà tàbí ọmọ Sáńbíà ti fẹ́ rí Gíráǹmásítà mẹ́ta bá ta nínú ìdíje kan láìwọ ọkọ̀ òfuurufú? Odion Aikhoje, ọmọ Nàìjíríà, gba wúrà ní Olympiad (ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì láàárín àwọn orílẹ̀-èdè) ti Elista ní 1998, Íńtánáṣọ́nà Másítà sì ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Tùnísíà ni Slim Bouaziz tó kọ́kọ́ di Gíráǹmásítà ní Áfíríkà ní 1993. Ó di 2009 kí gúúsù Sàhárà tó ní tirẹ̀, ìyẹn Amon Simutowe, ọmọ Sáńbíà. Ilẹ̀ Netherlands ló ti rí ẹ̀rí kẹta rẹ̀ ní 2007. Ẹ̀rí pé, ìwọ̀n kò tíì pé, ó tún ku kó máa lé 2500.

Lọ́dún 2007 yẹn gan-an, Robert Gwaze láti Sìmbábúwè gba ife Áfíríkà ní Windhoek. Kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ: ní Olympiad ti Bled ní 2002, orí pátákó kìíní, níbi tí wọ́n sábà máa ń fi ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù sí, ló jókòó sí, ó sì gba 9 nínú 9. Síbẹ̀, ife náà kò sọ ọ́ di Gíráǹmásítà. Ó padà sílé pẹ̀lú oyè Íńtánáṣọ́nà Másítà tó gbé lọ.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní ìlú kan náà, Kenny Solomon láti Cape Town gba ife kan náà. Wọ́n sọ ọ́ di Gíráǹmásítà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. Ìwọ̀n rẹ̀ kò dé 2500, wọn kò sì ní kó kó ẹ̀rí mẹ́ta jọ, nítorí lásìkò yẹn FIDE ti ní kí ẹni tó bá borí nínú ìdíje gbogbo ilẹ̀ ńlá kan, bí Áfíríkà, gba oyè ní tààrà. Àwọn kan ní òkèèrè pariwo pé oyè ọ̀fẹ́ ni. Mi ò rí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Ọdẹ tó pa erin ní àárín ọjà, lójú gbogbo ọdẹ tó wà lórí ilẹ̀ náà, ìrù wo lẹ tún fẹ́ kó lọ gé wá? FIDE ti wá fi kún un pé ìwọ̀n ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dé 2300, ìyẹn kò burú, kí ọjà má baà di ibi tí ẹnikẹ́ni kàn ń yìnbọn.

Ẹ̀yin olóòtú tí ẹ ṣì takú sórí "ìlànà", ẹ bá mi kọ ìtàn àwọn méjì péré nínú wọn. Èmi yóò kọ pé Simutowe kó ẹ̀rí rẹ̀ pé, ó sì ń dúró de ìwọ̀n, pé wọn kò béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ Solomon. Tiyín yóò jẹ́ pé Simutowe kó ìlànà rẹ̀ pé, pé wọn kò sì béèrè ìlànà lọ́wọ́ Solomon. Ẹ kà á sókè fún ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀.