Bí ẹ̀dá méjì tó ń jẹ oúnjẹ kan náà ṣe ń gbé pọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí là ń pè ní ààyè ẹ̀dá?

Ó ju ibi tó ń gbé lọ. Ohun tó ń jẹ, ìgbà tó ń jẹ ẹ́, ooru àti òtútù tó lè fara dà, ibi tó ń yé sí àti ohun tó ń pa á jẹ wà níbẹ̀. Orí igi kan náà ni ọ̀pọ̀ kòkòrò ń gbé, síbẹ̀ ọ̀kan ń jẹ ewé, òmíràn ń lu èèpo, òmíràn sì ń dọdẹ àwọn tó kù.

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ?

Rárá. Gause, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà, fi èyí hàn nínú ìgò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1934. Ó ń fi bakitéríà bọ́ *Paramecium aurelia* àti *Paramecium caudatum*, ẹ̀dá inú omi tí gbogbo ara wọn kò ju sẹ́ẹ̀lì kan lọ. Nígbà tó sìn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn méjèèjì gbilẹ̀. Nígbà tó kó wọn pọ̀, *aurelia* ń pọ̀ sí i, *caudatum* sì ń dín kù títí ó fi tán. Wọn ò bá ara wọn jà o. *Aurelia* ló kàn mọ bí a ti ń fi oúnjẹ díẹ̀ bí sí i.

Àmọ́ nígbà tó kó *caudatum* pọ̀ mọ́ *Paramecium bursaria*, kò sí èyí tó parun. *Bursaria* ń jẹ ìwúkàrà tó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, *caudatum* sì ń jẹ bakitéríà tó léfòó lókè. Oúnjẹ wọn ti yà, wọ́n sì ráyè gbé pọ̀.

Bí ẹ̀yà ẹ̀dá méjì kì í bá wà lójú kan náà, ṣé ó dájú pé ọ̀kan ló lé èkejì?

Kò dájú rárá, ibí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ gbẹ jù fún ọ̀kan nínú wọn. Ohun tó tọ́ ni pé ká mú ẹ̀yà kan kúrò, ká fi apá kan sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án ká lè fi wé e, ká sì dúró pẹ́ tó kí èyí tó kù lè bí, kó sì dàgbà. Bí a kò bá fi apá kan sílẹ̀, a ò ní mọ̀ bóyá ojú ọjọ́ ló fa ìyípadà.

Joseph Connell, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣe bẹ́ẹ̀ ní etíkun Scotland, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1961. Barnacle méjì, ẹ̀dá oníkarahun tó ń lẹ̀ mọ́ àpáta, ló lò. *Chthamalus* wà lókè, *Balanus* wà nísàlẹ̀. Nígbà tó há *Balanus* kúrò, *Chthamalus* gbé nísàlẹ̀ dáadáa: *Balanus* tó ń yára dàgbà ló máa ń gùn ún mọ́lẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́ fọ́, tàbí tó ń ṣí i nídìí kúrò lára àpáta. Ṣùgbọ́n *Balanus* kò lè gòkè, ì báà jẹ́ pé *Chthamalus* kò sí níbẹ̀, torí gbígbẹ ń pa á. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀dá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló pààlà fún ọ̀kan, ojú ọjọ́ ló pààlà fún èkejì.

Bí a bá mú apẹran, ẹ̀dá tó ń pa òmíràn jẹ, kúrò, ṣé ẹ̀yà kò ní pọ̀ sí i?

Ó lè dín kù. Robert Paine, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, ń ká ẹja ìràwọ̀ kúrò lára àpáta kan ní etíkun ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà. Nínú àbájáde tó tẹ̀ jáde ní 1966, ẹ̀yà 15 tó wà níbẹ̀ ti di 8. Mussel, ẹ̀dá oníkarahun méjì tí ẹja ìràwọ̀ yẹn máa ń jẹ, ló gba ojú àpáta mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́.

Àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ ńkọ́? Ṣé àjọṣe wọn kì í yẹ̀?

Ó máa ń yẹ̀. Ní Kẹ́ńyà, igi ẹlẹ́gùn-ún kan, *Acacia drepanolobium*, ń fún èèrà ní ilé nínú ẹ̀gún rẹ̀ tó wú, ó sì ń fún un ní omi dídùn. Èèrà náà ń bu ẹranko tó bá fẹ́ jẹ ewé rẹ̀ jẹ. Àwọn onímọ̀ fi ọgbà dí erin, àgùnfọn àti àwọn ẹranko ńlá mìíràn lọ́nà fún ọdún 10. Igi náà dín ilé àti omi dídùn kù, nítorí kò nílò ẹ̀ṣọ́ mọ́. Èèrà tó ń ṣọ́ ọ rẹ̀yìn, òmíràn tí kì í dáàbò bò ó gba ipò rẹ̀, kòkòrò tó ń lu igi sì ráyè wọlé. Àwọn igi inú ọgbà wá ń lọ́ra dàgbà, wọ́n sì ń kú ju àwọn tí ẹranko ń jẹ níta lọ.